Orin Tí Wọ́n Kọ fún Bùsàrí Ọlọ́kọ̀

Kí ẹ̀rù tó wọ ilé Wàsílátù, ayọ̀ ló wà níbẹ̀, inú fóònù sì ni ayọ̀ náà ń gbé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Obìnrin ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni, opó ni, ó sì máa ń jókòó sí ìdí òwú àti bọ́tìnnì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bó bá délé tó bọ́ bàtà tán, kó tó bu omi mu, fóònù ló ń fà yọ. Àgbàlá Wákà ló ń lọ.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, Bàbá Adéòjó, ló dá Àgbàlá Wákà sílẹ̀ lórí Wáásáàpù ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ìjẹ̀bú-Òde ni bàbá náà ń gbé, ohùn rẹ̀ nìkan ni Wàsílátù mọ̀, wọn kò rí ara wọn rí. Àwọn mọ́kàndínlógún péré ni wọ́n nígbà náà, oníkálukú sì ní kásẹ́ẹ̀tì kan tàbí méjì nílé, orin wákà tí ìyá rẹ̀ kọ nígbà tí wọ́n ń pàdé àlàájì tó ti Mẹ́kà bọ̀, tàbí tí wọ́n ń mú ìyàwó relé ọkọ. Wọ́n á gbé orin sílẹ̀, wọ́n á jọ gbọ́ ọ, ẹnìkan á ní ìyá òun ló ń gbè é yẹn, òmíràn á sì sunkún. Kò sí ẹni tí í wọ Àgbàlá láìkí ilé. Bí o bá jẹ́ àlejò, wàá sọ orúkọ rẹ, ilé bàbá rẹ, ilé ìyá rẹ, àdúgbò tí o ń gbé àti iṣẹ́ tí o fi ń jẹun. Bí o kò bá sọ ọ́, wọn kò ní dá ọ lóhùn.

Wàsílátù náà kí ilé lọ́jọ́ tó wọlé. Ó to ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń kọ lẹ́tà sí ọba: "Ẹ̀yin àgbà, mo kúnlẹ̀ o. Èmi ni Wàsílátù, ọmọ Sàlámátù Olóhùn-iyọ̀, Òkè-Balógun ní Ẹ̀pẹ́. Ìkòròdú ni mò ń gbé báyìí. Òwú ìránṣọ, bọ́tìnnì àti sípù ni mò ń tà ní Benson, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò Itoikin. Ẹni tó bá ń kọjá, kó yà kí mi." Àní, ọ̀sẹ̀ kejì ni ọkùnrin kan láti Àgbọ̀wà yà lóòótọ́, tó gbé ẹja gbígbẹ lé orí tábìlì rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni Wàsílátù fi sọ ìtàn ẹja yẹn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀dọ́ kan ní Wáásáàpù ti kéré jù, kí wọ́n kó lọ sí Fesibúùkù kí gbogbo ayé lè gbọ́. Wọ́n kó gbogbo orin àti ìkíni àtijọ́ lọ síbẹ̀, gbogbo ayé sì gbọ́. Kí a tó ṣẹ́jú, àwọn tó wà níbẹ̀ ti lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́ta, wọ́n sì ń rọ́ wọlé bí ẹni wọ inú ọjà. Kò sí "ẹ kú ilé," kò sí "ẹ kú ìrọ̀lẹ́." Ẹnìkan á gbọ́ orin ìyá onílé, á ní ohùn rẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́. Ẹlòmíràn á bú ẹni àkọ́kọ́, ẹlẹ́ẹ̀kẹta á ṣépè fún ìyá àwọn méjèèjì. Bàbá Adéòjó, tó jẹ́ pé "ẹ" ló fi ń bá ọmọ ọdún mẹ́wàá sọ̀rọ̀, kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ kí wa, ká lè mọ ilé tí ẹ ti wá." Wọ́n dá a lóhùn pé, "Bàbá, go and sleep jàre." Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n yọ ọ́ kúrò nípò ádímìn inú ẹgbẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Wàsílátù dọ́kàn. Ó wá ro ohun kan, èrò ọmọdé ni, ṣùgbọ́n òun ló rò ó: bí àwọn aláìlẹ́kọ̀ọ́ yìí bá gbọ́ ohùn ìyá òun, ara wọn á rọlẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù tí ohùn Sàlámátù ṣì mọ́ gaara nínú rẹ̀, nítorí ọ̀rinrin ti ba ìyókù jẹ́. Orin tó sì wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ìgbéyàwó.

Ìtàn orin náà rèé. Ọdún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn, àbúrò Sàlámátù kan, Mùsílímátù, ń ti ọjà Ejinrin bọ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bùsàrí. Ìjì dé, ọkọ̀ dojú dé. Bùsàrí wẹ̀ jáde. Mùsílímátù àti ìyá ẹlẹ́ja kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kabir kò jáde. Lọ́jọ́ fìdáù ọjọ́ kẹjọ, Sàlámátù jókòó láàrin àwọn obìnrin, ó sì gbé orin:

Omi dé ọrùn, Bùsàrí gbé apá,
Apá tó fi ń tukọ̀ ló fi wẹ̀ dé etí omi.
Obìnrin méjì ń pe orúkọ rẹ̀,
Bùsàrí kò bojú wẹ̀yìn.

Orin náà rin gbogbo etí ọ̀sà. Wàsílátù, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, wà lára àwọn tó ń gbè é.

Bàbá Adéòjó ti fi òfin kan lélẹ̀ nínú Àgbàlá láti ìbẹ̀rẹ̀: orin tí wọ́n fi bú ẹni tó ṣì wà láyé, ẹ má gbé e sílẹ̀. Wàsílátù mọ òfin náà. Àmọ́ ọkùnrin tó ti ń tukọ̀ nígbà tí òun kò tíì ní ọmú láyà, ṣé irú rẹ̀ á ṣì wà láyé? Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbé orin náà sílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ó kí ilé dáadáa, ó sì jókòó de ìgbà tí ara wọn á rọlẹ̀.

Ara wo ló rọlẹ̀? Wọ́n gé ìlà mẹ́rin yẹn yọ, wọ́n sọ ọ́ di ohun ẹ̀rín. Nínú fídíò kan, ọkùnrin kan rí ajá, ó ju ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sá lọ, ohùn Sàlámátù sì ń kọ ọ́ lábẹ́ rẹ̀ pé Bùsàrí kò bojú wẹ̀yìn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ojo ni wọ́n ń pè ní Bùsàrí. "Má ṣe Bùsàrí fún mi o!" Ummusalamah, ọmọ Wàsílátù, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, gbọ́ ọ lẹ́nu kọ̀ndọ́kítọ̀ ní Benson, ó sì sáré wá sọ fún ìyá rẹ̀. Ìtìjú mú Wàsílátù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ dùn díẹ̀ pé ayé ń gbọ́ ohùn ìyá òun. Ká sọ òótọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ wọlé, láti ọwọ́ ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní Ọmọ Ejinrin. Kò kí ilé. "Ìwọ obìnrin yìí. Bàbá bàbá mi ni Bùsàrí. Ó ṣì ń mí. Àwọn ọmọdé ń fi orin yín kọrin lẹ́nu ọ̀nà wa. Yọ ọ́."

Wàsílátù kọ ọ́ padà kíá: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú, n kò mọ̀ ni. Mo ti yọ ọ́." Ó sì yọ ọ́ lóòótọ́. Àmọ́ orin náà ti wà lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó ti kọjá agbára ẹni tó gbé e sílẹ̀.

"Yíyọ yẹn kò ṣe nǹkan kan fún mi," ni Ọmọ Ejinrin kọ lọ́jọ́ kejì. "Ẹ ti pa bàbá wa láàyè. Ẹ̀yin náà á mọ̀ ọ́n lára."

Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé àwòrán kan síta kí gbogbo ayé rí i. Ṣọ́ọ̀bù Wàsílátù ni. Ummusalamah ló jókòó síbẹ̀, ó tẹ orí ba, ó ń to bọ́tìnnì sínú agolo, kò mọ̀ pé ẹnìkan dúró ní òdìkejì títì tó ń ya òun. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé: "Ṣọ́ọ̀bù ọmọ olórin tó bú Bùsàrí rèé. Benson ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò Itoikin. Ọmọ rẹ̀ lẹ ń wò yìí. Ẹ bá mi kí wọn." Nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn tí kò mọ Bùsàrí, tí kò mọ Ejinrin, tí kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ wákà, ń fèsì pé, "A ó kí wọn dáadáa."

Wàsílátù ka ìkíni tó fi wọ Àgbàlá ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, orúkọ, ilé, ọjà, ibùdókọ̀, kò ku ẹyọ kan. Ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fi tọ́ ọ ló fi júwe ara rẹ̀ fún ọ̀tá.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù ló ń bá a jí, ẹ̀rù ló sì ń bá a sùn. Bí ọkùnrin bá dúró níwájú ìsọ̀ tó wo òkè wo ilẹ̀, Wàsílátù á sá sẹ́yìn àpò òwú. Ọ̀kan béèrè pé, "Ẹ̀yin ni Wàsílátù?" Ó ní, "Rárá o, ó ti rìnrìn àjò." Sípù dúdú ni ọkùnrin náà fẹ́ rà, aránṣọ kan ló júwe ibẹ̀ fún un. Nígbà tó lọ tán, Wàsílátù jókòó sórí àpò òwú, ó bú sẹ́kún. Kò sẹ́ orúkọ ara rẹ̀ rí láyé. Festus, tó ń ta aṣọ ìtẹ́nú ẹ̀wù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní kó lọ sí tésàn. Wàsílátù ní kí lòun fẹ́ wí fún àwọn ọlọ́pàá, pé ẹnìkan ní kí wọ́n kí òun?

Lọ́jọ́ kẹjọ, ó pe Bàbá Adéòjó.

"Bùsàrí ṣì wà, mà," ni bàbá náà wí. "Èmi fojú ara mi rí i ní Ejinrin ní ọdún tó kọjá. Ká ní ẹ bi mí ni." Ohùn rẹ̀ ti tinrín. "N kò lágbára kankan níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo ní kí gbogbo yín máa júwe ilé yín. Mo ń rò ó láti àná, oorun kò kùn mí." Ó wá béèrè pé, "Nígbà ayé ìyá yín, bí orin wọn bá dun èèyàn, kí ni wọ́n ń ṣe?"

Wàsílátù mọ̀ ọ́n. Nínú ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀, bí orin bá ti gún ẹnìkan jù, olórin á lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí, á kúnlẹ̀ síta, á fi ẹnu kan náà ki oríkì rẹ̀ ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Gbígba orin padà ni wọ́n ń pè é. Bí ẹni náà bá gbà, á bu omi ilé rẹ̀ fún un mu. Bí kò bá gbà, á wọlé, á sì ti ilẹ̀kùn. Sàlámátù gba orin bíi mẹ́fà padà kó tó kú. Ti Bùsàrí nìkan ni kò gbà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní, "Ìgbà tó bá dá àbúrò mi padà ni n ó gba orin mi padà."

"Ìyá mi ò gbà á padà," ni Wàsílátù wí. "Ṣùgbọ́n ìyá mi ò ní ọmọ nínú àwòrán. Lọ́la, ọjọ́ Jímọ̀, mò ń lọ sí Ejinrin."

"Ẹ máa lọ láyọ̀, kí ẹ bọ̀ láyọ̀," ni Bàbá Adéòjó wí. Ó tún ní, "Ọmọ yín ńkọ́?" Wàsílátù ní òun á ní kó jókòó sílé.

Láàárọ̀, ó wọ mọ́tò dé Itoikin, ó sì gun ọ̀kadà. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nínú ọkàn, tó sì ń ka ohun tó máa fi ki Bùsàrí. Bí ọ̀sà ṣe yọ lókèèrè, ó fẹ́ ní kí ọlọ́kadà yí padà. Ojú Ummusalamah tó tẹ̀ ba lórí agolo bọ́tìnnì ni kò jẹ́ kó sọ ọ́.

Ilé Bùsàrí kò ṣòro mọ̀, òun ló kángun sí omi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi rí i, ó dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú ọ̀nà o, ẹ̀yin ìyá. Ẹ káàbọ̀. Oòrùn ti mú yín." Ó gbé àpótí fún un, ó fi ọwọ́ nù ún kó tó jókòó, ó sáré wọlé, ó sì bu omi tútù jáde. "Bàbá lẹ wá rí? Wọ́n ń múra Jímọ̀ ni. Èmi ni ọmọ ọmọ wọn, Tìrìmísíyù. Ìdí ọkọ̀ tó ń kó iyanrìn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Èbúté Ìkòròdú, ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń wálé wò wọ́n."

Èbúté Ìkòròdú. Ẹni tó dúró ní òdìkejì títì rèé, tó ya ọmọ òun. Ó sì lẹ́wà, ojú rẹ̀ tutù, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí ọmọ tó wu ìyá láti bí. Wàsílátù ti fi ọjọ́ mẹ́sàn-án ya àwòrán ẹhànnà sínú ọkàn ara rẹ̀. Èyí bà á lẹ́rù ju ẹhànnà lọ.

"Ẹ mu omi, mà," ni Tìrìmísíyù wí.

Kò lè mu ún. Omi ilé yìí kò tíì tọ́ sí i. Ó gbé ife náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí.

Bùsàrí jáde wá pẹ̀lú ọ̀pá, ó ti tẹ̀, ojú rẹ̀ kan ti funfun. Wàsílátù kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Èmi ni Wàsílátù, ọmọ Sàlámátù Olóhùn-iyọ̀. Mo wá gba orin padà."

Wàsílátù kò wo ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́ tí àwọ̀n já bọ́ lọ́wọ́ Tìrìmísíyù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki Bùsàrí: Bùsàrí ọmọ olómi, Bùsàrí atukọ̀ má ṣìnà...

"Dákẹ́," ni arúgbó náà wí. "Ṣé orin náà wà nínú ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ yẹn? Gbé e sí i kí n gbọ́."

"Bàbá àgbà, ẹ má gbọ́ ọ," ni Tìrìmísíyù kígbe.

"Gbé e sí i."

Wàsílátù tẹ̀ ẹ́. Ohùn Sàlámátù jáde, ó kún ojúde náà, orin náà lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Arúgbó náà gbé etí tì í, ọ̀pá wà láàrin orúnkún rẹ̀.

"Ọdún mọ́kànlélógójì," ló wí nígbà tó parí. "N kò tíì gbọ́ ọ tán rí. Bí mo bá ti yọ, wọ́n á dákẹ́. Wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á ní, 'Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o.' Ẹnu tí wọ́n fi ń kọ ọ́ náà ni wọ́n fi ń kí mi. Kò sì sí ẹni tó tún wọ ọkọ̀ mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọmọ yìí ń bínú pé àwọn ayé ìsinsìnyí ò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ yẹn ni wọ́n fi sin èmi láàyè."

Wàsílátù fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó rántí ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tó ń kúnlẹ̀ kí ọkùnrin kan náà yìí ní èbúté Ẹ̀pẹ́, tó sì ń fi ìbòrí bo ẹ̀rín.

"Òótọ́ sì ni," ni Bùsàrí wí. "Ohun tí ìyá rẹ kò mọ̀ nìyí: Mùsílímátù di aṣọ mi mú. Mo tú aṣọ náà sílẹ̀ fún un. Ìhòòhò ni mo wẹ̀ dé etí omi." Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. "Má gbà á padà. Bí o bá gbà á, ta ni yóò tún rántí àwọn obìnrin méjì náà?"

Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Wàsílátù dìde, ó fi ife omi sílẹ̀ láìtọ́ ọ wò, ó sì kọrí sí ọ̀nà ibi tí ọlọ́kadà dúró sí. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ Tìrìmísíyù lẹ́yìn rẹ̀. Kò lè sáré, bẹ́ẹ̀ ni kò lè yíjú. Nígbà tí wọ́n dé ìdí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fà gùnlẹ̀, ọmọkùnrin náà gba iwájú rẹ̀ dúró.

"Òótọ́ ni, ẹ sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Àbúrò ìyá yín ni. Kí lẹ wá bẹ̀bẹ̀ fún?"

"Ẹ̀rù rẹ ló ń bà mí," ni Wàsílátù wí. Ó ya òun náà lẹ́nu pé ó jáde báyìí. "Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. N kì í sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá kí mi, mo rò pé ó fẹ́ pa ọmọ mi ni. Ìwọ ni mo wá bẹ̀, kì í ṣe bàbá rẹ."

"Ẹ̀rù tèmi?" Ó wò ó bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló ń sọ. "Màmá, n kò lè fọwọ́ kan yín. Inú ló bí mi. Mo kàn kọ ọ́ ni." Ó wólẹ̀ nínú iyanrìn, ó na gbogbo ara. Ó yẹ kí Wàsílátù sọ pé kó dìde. Kò lè sọ ọ́.

"Yọ àwòrán ọmọ mi," ló wí.

Ó yọ ọ́ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù náà.

"Ó ti lọ?"

"Ọ̀dọ̀ tèmi ti lọ, mà. Ó lé ní irínwó èèyàn tó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ tiwọn."

"Ta ni wọ́n?"

"N kò mọ̀ wọ́n, mà." Ẹ̀rù ti wà lójú òun náà.

Wàsílátù pe ọmọ rẹ̀. Ummusalamah gbé e, ariwo mọ́tò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ má bínú, mo ní kí n kàn wá mú òwú fún Ìyá Jọláolúwa aránṣọ ni. Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà. Ọkùnrin kan dé báyìí, ó wọ inú ìsọ̀ wá, ó ń kí mi. Ó mọ orúkọ yín, ó tún mọ orúkọ màmá àgbà. Ó ní láti inú Àgbàlá Wákà lòun ti wá, pé òun..."

"Olè ni!" Wàsílátù kò dúró gbọ́ ìyókù. Ẹnu rẹ̀ ló ṣáájú ọkàn rẹ̀. "Pariwo olè! Pariwo kí wọ́n gbà ọ́!"

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ẹ̀rù ìyá ti ń ran ọmọ. Ummusalamah figbe ta. "Olè! Ẹ gbà mí o, olè!" Ẹ kò nílò kí n sọ fún yín ohun tí igbe yẹn jẹ́ ní Benson ní ọ̀sán gangan. Wàsílátù gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré bọ̀, ó gbọ́ tí tábìlì dà wó, ó gbọ́ tí bọ́tìnnì ń fọ́n ká ilẹ̀. Láàrin ariwo náà, ohùn tinrín kan ń wí pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù, Adéòjó ni mí, ẹ jọ̀wọ́..." Nígbà náà ni wọ́n nà án, ohùn náà sì gé.

"Kì í ṣe olè!" Wàsílátù ń ké sínú fóònù ní etí omi Ejinrin. "Ummu! Sọ fún wọn! Kì í ṣe olè!" Fóònù ọmọ náà ti bọ́ sílẹ̀ níbìkan, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ. Tìrìmísíyù ti dìde, ó ń pe àwọn tó mọ̀ ní Ìkòròdú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sáré dé ibùdókọ̀ Itoikin. Kò sí ẹni tó wà nítòsí.

Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá kí Ummusalamah tó gbé ìpè rẹ̀. Ẹkún kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ já gaara. Festus ló bo bàbá náà mọ́lẹ̀, tó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ gba igi, tó ń pariwo pé ẹ wo orí funfun, ẹ wo orí funfun. Wọ́n ti tú ká. Awò ojú rẹ̀ fọ́, eyín kan ti jáde, apá rẹ̀ kan kò ṣeé gbé. Wọ́n gbé e jókòó sórí àpò òwú, wọ́n ń wá mọ́tò tó máa gbé e lọ sí ọsibítù. "Mọ́mì, ó ní òun wá jókòó tì mí ni títí ẹ ó fi dé. Ó ní òun rò pé kò yẹ kí n dá wà. Ó fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

Ohùn náà wọlé, ó wúwo, ó ń la ẹ̀jẹ̀ kọjá. "Mà, ẹ má bínú, ó yẹ kí n kọ́kọ́ pè kí n tó wá. Ṣé ẹ dé ibẹ̀ láyọ̀?"

Wàsílátù jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn. Tìrìmísíyù dúró lórí rẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí.

"Bàbá," ni Wàsílátù wí, "èmi ni mo ní kó pariwo."

Ó di fóònù mọ́ etí, ó ń dúró. Ó ń gbọ́ bí bàbá náà ṣe ń mí.